Wákàtí Mélòó Lẹ Fi Í Sétí?

Ọ̀rọ̀ kan ti há sí mi lọ́kàn láti ọ̀sẹ̀ mélòó kan sẹ́yìn, mi ò sì rí ibi tì í sí. Ìyá àgbà kan ló sọ ọ́, ọ̀kan lára àwọn tí mò ń bẹ̀ wò nítorí ìwádìí tí mò ń ṣe fún oyè ọ̀mọ̀wé, lórí bí àwọn èèyàn ṣe ń lo ẹ̀rọ ìgbọ́ràn, èyí tí ẹni tí kò gbọ́ràn dáadáa máa ń fi sétí, nínú ilé, lọ́jà, ní ṣọ́ọ̀ṣì àti ní mọ́ṣáláṣí, níbi tí kì í ti í ṣe yàrá àyẹ̀wò. Mo bi wọ́n pé wákàtí mélòó ni wọ́n ń fi ẹ̀rọ náà sétí lójúmọ́. Mama wò mí lójú. Wọ́n ní, "Ìwọ ọmọ yìí, ṣé wọ́n ń sanwó oṣù fún mi lórí ẹ̀ ni, tí màá fi máa ka wákàtí?"

A fi rẹ́rìn-ín, mo sì bọ́ sórí ìbéèrè tó tẹ̀ lé e. Ṣùgbọ́n láti ìgbà náà, bí mo bá ti jókòó ti kọ̀ǹpútà láti máa to nọ́ńbà sí àyè wọn, ohùn Mama á tún dé. Ìdí ni pé wákàtí yẹn gan-an ni èyí tó pọ̀ jù nínú iṣẹ́ wa dúró lé. Bí wákàtí bá pọ̀, a ó ní ẹ̀rọ ń ṣiṣẹ́, ẹni tó ni ín náà sì ń gbìyànjú. Bó bá kéré, a ó kọ ọ́ sílẹ̀ pé ẹni náà kò lò ó tó, a ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í wá ohun tó fà á: ṣé ojú ló ń tì í ni, ṣé owó bátìrì ni, àbí wọn ò kọ́ ọ bó ṣe yẹ?

## Ìbéèrè tó ti Eriksholm wá

Èmi kọ́ ni mo dá ìbéèrè náà sílẹ̀. Ní 1999, àwọn onímọ̀ nípa ìgbọ́ràn láti orílẹ̀-èdè oríṣiríṣi pàdé ní Eriksholm, ní Dẹ́nmáàkì. Ohun tó ti ibẹ̀ jáde ni ìwé ìbéèrè kúkurú kan tí gbogbo ayé á jọ máa lò, kí àbájáde ẹni tó ń ṣèwádìí ní Bràsíl lè ṣe é fi wé ti ẹni tó wà ní Jàpáànù. Robyn Cox àti àwọn ẹlẹgbẹ́ ẹ̀ ló ṣe é, ìbéèrè méje péré, wọ́n sì ti túmọ̀ ẹ̀ sí ọ̀pọ̀ èdè. Èyí àkọ́kọ́ ní kí èèyàn rántí ọ̀sẹ̀ méjì tó kọjá, kó sọ iye wákàtí tó ń lo ẹ̀rọ ẹ̀ lọ́jọ́ kan. Ìdáhùn márùn-ún ló wà níwájú ẹ̀: kò lò ó rárá, kò tó wákàtí kan, wákàtí kan sí mẹ́rin, mẹ́rin sí mẹ́jọ, ó lé ní mẹ́jọ.

Ìwé náà kò burú. Èmi náà ń lò ó. Ìbéèrè kejì ẹ̀ ní kí o rántí ibi tó wù ọ́ jù láti ti máa gbọ́ràn dáadáa kí o tó gba ẹ̀rọ, kí o wá sọ bí ẹ̀rọ ṣe ràn ọ́ lọ́wọ́ tó níbẹ̀. Ìkẹfà béèrè bí àìgbọ́ràn rẹ ṣe ń yọ àwọn ẹlòmíì lẹ́nu tó. Ọ̀rọ̀ ilé nìyẹn, ọ̀rọ̀ èèyàn sì ni. Àmọ́ èyí àkọ́kọ́ ni gbogbo wa máa ń sáré mú, torí òun ló rọrùn jù láti yà sórí gíráàfù.

Nígbà tó yá, ẹ̀rọ fúnra ẹ̀ di ẹlẹ́rìí. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn ẹ̀rọ ìgbọ́ràn ayé ìsinsìnyí ló ń ṣe àkọsílẹ̀ sínú ara wọn. So ó mọ́ kọ̀ǹpútà, yóò sọ fún ọ bó ṣe pẹ́ tó tó wà ní títàn lójúmọ́, nígbà mìíràn yóò tún sọ irú ariwo tó bá pàdé. Nígbà tí àwọn olùwádìí fi àkọsílẹ̀ yìí wé ohun tí àwọn èèyàn fẹnu sọ, wọ́n rí i pé ti ẹnu ló sábà máa ń pọ̀ jù. Ohun tí wọ́n fi kọ́ àwa tá a dé lẹ́yìn nìyẹn: ẹ gbọ́ tẹnu wọn, ṣùgbọ́n ẹ̀rọ ni kí ẹ gbà gbọ́.

Mo mọ ìdí tí ọ̀rọ̀ lílò fi ká gbogbo èèyàn lára. Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ ní 2021 pé àwọn tí etí wọn ní àléébù, bó ti wù kó kéré mọ, lé ní bílíọ̀nù 1.5 lágbàáyé, àti pé nǹkan bíi mílíọ̀nù 430 nínú wọn ló nílò ìtọ́jú tàbí ìrànlọ́wọ́. Púpọ̀ nínú wọn kò ní fojú kan ẹ̀rọ láéláé. Ẹni tó wá rí i gbà, tó tún lọ fi í sínú àpótí, yóò máa dun ẹni tó fún un ni. Ìyẹn yé mi. Ibi tí kò ti wá yé mi mọ́ ni ọ̀sán ọjọ́ kan ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ Mama, ní Òkè-Àdó, n'Ìbàdàn.

## Ọ̀sán ọjọ́ tí alájọ dé

Aṣọ ni Mama ń tà ní Gbági tẹ́lẹ̀. Orúnkún ni kò jẹ́ kí wọ́n lọ mọ́, ọmọ wọn obìnrin ló wà ní ìsọ̀ báyìí. Ṣùgbọ́n Mama kò tíì fi ọjà sílẹ̀ o. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé ni wọ́n ti ń gba gbèsè, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń dá àjọ, ibẹ̀ náà ni wọ́n ti ń parí ìjà àwọn oníbàárà. Wọ́n ti sọ fún mi pé ojoojúmọ́ ni wọ́n ń lo ẹ̀rọ wọn. "Mi ò fi ṣeré." Nígbà tí mo so ẹ̀rọ mọ́ kọ̀ǹpútà, àkọsílẹ̀ ní kò tó wákàtí kan lójúmọ́. Gẹ́gẹ́ bí ìwé ṣe wí, mo kọ ọ́ sílẹ̀ pé ẹnu ju àkọsílẹ̀ lọ.

Mo ti fẹ́ máa lọ, Mama ní kò ṣeé ṣe, àfi kí n jẹun. Ẹni tó bá mọ Ìbàdàn mọ̀ pé èèyàn kì í bá irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ jiyàn. Bí mo ṣe ń jẹ àmàlà lọ́wọ́, jẹnẹrétọ̀ aládùúgbò ń ké, ẹ̀rọ ìlọta ń ké ní òdìkejì títì, ọmọ kan ń polówó omi. Kò sí nǹkan kan létí Mama. Bí mo bá fẹ́ bá wọn sọ̀rọ̀, mo ní láti sún mọ́ wọn kí wọ́n lè máa wo ẹnu mi. Wọ́n jókòó pẹ̀sẹ̀, ojú wọn wà lójú títì.

Lójijì, ọwọ́ wọn lọ sí etí ìró. Wọ́n tú kókó tó wà níbẹ̀. Ike ìpara kékeré kan ló jáde, wọ́n ti fọ̀ ọ́ mọ́ tónítóní, òwú wà nínú ẹ̀, ìrẹsì gbígbẹ díẹ̀ sì wà lábẹ́ òwú kó lè máa fa ọ̀rinrin. Orí òwú náà ni ẹ̀rọ sùn sí. Wọ́n fi èékánná pa ilẹ̀kùn bátìrì dé, wọ́n wá pa àtẹ́lẹwọ́ bò ó. Ó ké fíín. Wọ́n mi orí pé ó dára. Ọgbọ́n tí àwọn onímọ̀ ń kọ́ni nìyẹn: bí ẹ̀rọ bá ké nígbà tí ọwọ́ bò ó, bátìrì kò tíì kú. Mama wá gbé ìborí sókè, wọ́n yí ike etí wọlé, wọ́n fi ẹ̀rọ kọ́ ẹ̀yìn etí ọ̀tún, wọ́n sì fa ìborí bò ó. Kò sí ìyára níbẹ̀, kò sì sí àṣìṣe kankan. Ìgbà tí mo gbójú sókè ni mo rí ohun tí wọ́n ti rí láti ọ̀nà jíjìn: alájọ ń sọ̀ lórí ọ̀kadà.

Kí ọkùnrin náà tó gun àtẹ̀gùn, Mama ti di ẹlòmíì.

"Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta, Mama."

"Ọjọ́ mẹ́ta kẹ̀? Ìwọ lo sá. Ṣé o ò ti kó owó wa lọ báyìí?"

Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fa ọ̀rọ̀. Alájọ náà kì í sọ̀rọ̀ ketekete rárá. Ó ń sọ̀rọ̀ sínú irùngbọ̀n, ó sì ń wo káàdì. Ó ní Mama ṣì jẹ ọjọ́ mẹ́fà. Èmi tí etí mi dá ṣáṣá, tí mo jókòó tì wọ́n, mi ò gbọ́ iye tó pè. Mama gbọ́ ọ. "Mẹ́fà báwo? Ọjọ́ méjì ni." Ọkùnrin náà ní mẹ́fà ló wà níbí. Mama ní kó yí káàdì náà síta kó ka orúkọ tó wà lórí ẹ̀. Ó yí i. Káàdì aládùúgbò ni. Ó dọ̀bálẹ̀ díẹ̀, ó ní kí wọ́n má bínú, ó wá èyí tó tọ́ jáde, ọjọ́ méjì ló wà níbẹ̀ lóòótọ́. Wọ́n sanwó, wọ́n béèrè ìyàwó ẹ̀ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ, wọ́n fún un ní nǹkan pé kó fi ra ọṣẹ fún ọmọ. Ó lọ.

Ọ̀kadà kò tíì kọ orí sí títì tí Mama fi yọ ẹ̀rọ. Wọ́n ṣí ilẹ̀kùn bátìrì, wọ́n dá a padà sórí òwú, wọ́n so kókó. Mo sún mọ́ wọn, mo bi wọ́n pé kí ló dé tí wọ́n yọ ọ́ kíá báyẹn. Wọ́n ní, "Kí n máa gbọ́ kín ni? Jẹnẹrétọ̀?"

Ohun tí àgbà fi ń jẹ ẹ̀kọ, abẹ́ ewé ló wà. Mo ti wá wo ewé láti ọjọ́ yìí, mo sì ti kà á dáadáa.

## Méjì àti mẹ́fà

Ẹ jẹ́ kí n dúró díẹ̀ lórí mẹ́fà àti méjì yẹn, torí ibẹ̀ ni mo ti rí i pé Mama mọ ohun tí wọ́n ń ṣe ju bí wọ́n ṣe lè fẹnu ṣàlàyé ẹ̀ lọ.

Nínú yàrá àyẹ̀wò, wọ́n máa ń fi ìró dán etí wò láti orí èyí tó kẹ̀ dé orí èyí tó tín-ín-rín, láti 250 Hz dé 8000 Hz (Hz ni wọ́n fi ń wọn bí ìró ṣe tín-ín-rín tó). Bí ọjọ́ orí bá ń gòkè, àwọn ìró tín-ín-rín ló kọ́kọ́ ń sọnù. Ibẹ̀ sì ni púpọ̀ nínú agbára àwọn kọ́ńsónáǹtì bíi f, s, ṣ, t àti k wà. Ohùn òkè àti ohùn ìsàlẹ̀ tí a fi ń sọ Yorùbá, ìsàlẹ̀ lọ́hùn-ún ni tiwọn wà, níbi tí etí àgbà ṣì ti lágbára. Nítorí náà ni ẹ ó fi máa gbọ́ tí àwọn àgbà ń sọ pé àwọn ń gbọ́ ohùn wa, àmọ́ àwọn ò gbọ́ ohun tí a ń wí.

Ẹ wá pe méjì, kí ẹ pe mẹ́fà. Òkè ni ohùn méjèèjì fi bẹ̀rẹ̀, ìsàlẹ̀ ló parí sí. Mẹ́ta, méje àti mẹ́jọ náà ń kọ orin kan náà, òkè bọ́ sí àárín. Bí ẹni tó ń sọ̀rọ̀ bá ń kùn, tí jẹnẹrétọ̀ sì ń ké, ẹni tí ìró tín-ín-rín ti sá fún lè mú ọ̀kan ní èkejì. Ìkíni kò rí bẹ́ẹ̀. Bí èèyàn bá dé lọ́sàn-án tó sì tẹríba, kò sí ohun mìíràn tó lè máa wí ju ẹ kú ọ̀sán lọ. Mama ti dáhùn kó tó sọ ọ́ tán. Iye owó kò ní irú àǹfààní yẹn. Nǹkan tí kò ṣeé méfò ni Mama ń wọ ẹ̀rọ fún.

Olùkọ́ kan tó ti fẹ̀yìn tì wà lára àwọn tí mò ń bẹ̀ wò. A jọ lọ síbi ìnáwó kan, kò sí ẹ̀rọ létí Bàbá lọ́jọ́ náà. Alága ìdúró ń sọ̀rọ̀ nínú ẹ̀rọ gbohùngbohùn, gbogbo èèyàn ń rẹ́rìn-ín, Bàbá ń wo àwo wọn. Ìgbà tí onídùndún kan yà sí tábìlì wa tó fi ìlù pe oríkì àwọn ọmọ Ọ̀yọ́, ọwọ́ Bàbá ti wà nínú àpò agbádá kó tó dé ìlà kejì. Ìlù kò ní f, kò ní s. Ohùn nìkan ló ní, ohùn sì ni Bàbá ṣì ń gbọ́ dáadáa.

Àwọn tó ń ṣe ẹ̀rọ kò mọ irú nǹkan báyìí nípa wa tó. Ìwádìí kan wà tí Denis Byrne àti àwọn ẹlẹgbẹ́ ẹ̀ gbé jáde ní 1994 lórí bí agbára ohùn èèyàn ṣe pín láti ìró ìsàlẹ̀ dé ìró tín-ín-rín nínú èdè 12, tó di ohun tí wọ́n ń tọ́ka sí bí wọ́n bá ń wọn ìró tí ẹ̀rọ yóò máa gbé jáde. Gẹ̀ẹ́sì, Rọ́ṣíà, Vietnamese wà níbẹ̀. Kò sí èdè Áfíríkà kankan. Lónìí, ìlànà NAL-NL2 tó wá láti Ọsirélíà, tí wọ́n ń lò káàkiri ayé láti ṣètò ẹ̀rọ, ní àyè kan tó ń béèrè bóyá èdè ẹni náà jẹ́ èdè olóhùn, irú èyí tí ohùn òkè àti ìsàlẹ̀ ń yí ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ padà bíi ti Yorùbá. Bó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀, yóò fi díẹ̀ kún agbára ìró ìsàlẹ̀. Mo ti rí i níbi tí wọ́n ti fo àyè yẹn kọjá nígbà tí Yorùbá pọ́ńbélé jókòó síwájú wọn. Kì í ṣe pé títẹ ibẹ̀ á sọ etí di tuntun. Ṣùgbọ́n ẹni tí kò béèrè èdè tí èèyàn ń gbọ́, báwo ni yóò ṣe ránti béèrè ẹni tó ń bá a sọ ọ́?

## Ìrẹ̀ inú dúrọ́ọ̀

Àkọsílẹ̀ ẹ̀rọ Bàbá olùkọ́ yìí wú mi lórí nígbà tí mo kọ́kọ́ rí i. Wákàtí rẹpẹtẹ lójúmọ́! Lójú ìwé, Bàbá ni ọ̀gá àwọn tó ń lo ẹ̀rọ. Mo ti ń rò ó pé màá fi wọ́n ṣe àpẹẹrẹ.

Ìyàwó wọn ló tú àṣírí. Ìyá náà ní àwọn ọmọ-ọmọ ti ń wá ìrẹ̀ kan kiri yàrá láti ìgbà tí wọ́n ti dé fún họlidé. Wọ́n gbé bẹ́ẹ̀dì, wọ́n gbálẹ̀, wọn ò rí i. Inú dúrọ́ọ̀ ni ìrẹ̀ náà wà. Bàbá máa ń yọ ẹ̀rọ síbẹ̀ láìṣí ilẹ̀kùn bátìrì, yóò wá máa ké nínú dúrọ́ọ̀ títí bátìrì á fi kú. Gbogbo ìgbà tó fi ń ké, ó ń kọ ọ́ sílẹ̀ pé òun ń ṣiṣẹ́. Lọ́jọ́ ìnáwó tí mo sọ yẹn pàápàá, nígbà tí Bàbá ń wo àwo tí gbogbo èèyàn ń rẹ́rìn-ín, ẹ̀rọ wọn ń ka wákàtí nílé.

Ẹ gbé àkọsílẹ̀ méjèèjì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn wò. Ẹni tí ẹ̀rọ wúlò fún lójoojúmọ́ gba òdo lọ́wọ́ wa, ẹni tí ẹ̀rọ ẹ̀ ń kọrin fún dúrọ́ọ̀ gba ipò kìíní. Agbẹ́jọ́-ẹnìkan-dá, àgbà òṣìkà ni. A ti pinnu pé ẹnu èèyàn kò ṣeé gbára lé, a wá lọ gba ẹ̀rí lọ́wọ́ nǹkan tí kò mọ ìyàtọ̀ láàárín etí àti pákó.

Kì í ṣe gbogbo olùwádìí ló ṣe báyìí o. Ní 2004, Stuart Gatehouse ní Glasgow àti William Noble ní Ọsirélíà gbé ìwé ìbéèrè kan jáde tó ń mú èèyàn wọ inú ìgbésí ayé ẹ̀: o ń bá ẹnìkan sọ̀rọ̀, tẹlifíṣàn wà ní títàn nínú yàrá, ṣé o lè gbọ́ ohun tí ẹni náà ń wí? Ẹni bá ti gbé Nàìjíríà rí yóò ní tẹlifíṣàn nìkan kẹ̀, ṣùgbọ́n ọ̀nà náà tọ́. Nílé wa níbí náà, Ìwádìí Ìbàdàn lórí ọjọ́ ogbó, tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Oye Gureje ṣe agbátẹrù ẹ̀, tó bẹ̀rẹ̀ ní 2003, tó sì kárí ìpínlẹ̀ mẹ́jọ tí wọ́n ti ń sọ Yorùbá, gba ọ̀rọ̀ ẹnu àwọn àgbà tó ti pé ọdún 65 sókè nípa etí ara wọn bí ẹ̀rí. Wọ́n bi wọ́n, wọ́n sì kọ èsì wọn sílẹ̀.

## Owó bátìrì àti ohùn àgbà

Bátìrì yẹ kó ní àyè tiẹ̀. Afẹ́fẹ́ ló ń mú irú èyí tí Mama ń lò ṣiṣẹ́: ìgbà tí o bá ṣí bébà aláwọ̀ ọsàn tó wà lẹ́yìn ẹ̀ ni afẹ́fẹ́ wọlé, tó sì jí. Bí èèyàn bá ń lò ó látàárọ̀ dálẹ́, ọ̀sẹ̀ kan sí méjì ni. Mama kò ka ìyẹn nínú ìwé kankan, ṣùgbọ́n wọ́n mọ̀ pé bí àwọn bá ṣí ilẹ̀kùn ẹ̀ tí àwọn ò lò ó, á pẹ́ díẹ̀ sí i. Ní Bìrìtéènì, ètò ìlera ìjọba tí wọ́n ń pè ní NHS ló ń fún àwọn aláìsàn ní ẹ̀rọ àti bátìrì lọ́fẹ̀ẹ́. Níbí, àpò ẹni ni. Wákàtí tí à ń béèrè lọ́wọ́ Mama, owó ni.

Ohun tó tún wà níbẹ̀ ni pé ẹ̀rọ kì í yan ohun tí yóò gbé wá tó bí èèyàn ṣe ń rò. Ó ń gbé ohùn alájọ, ó sì ń gbé ẹ̀rọ ìlọta pẹ̀lú. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí mo bá sọ̀rọ̀ ló ń sọ pé orí ń fọ́ àwọn bó bá di ìrọ̀lẹ́.

Èyí tó wá jinlẹ̀ jù nínú ẹ̀ ni ọ̀wọ̀. Ọmọ tó bá kígbe mọ́ àgbà, a ó ní kò ní ẹ̀kọ́ ilé. Nítorí náà, bí etí àgbà bá ti ń lọ, àwọn ọmọ á rẹ ohùn sílẹ̀, wọ́n á sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan, bí àgbà ò bá gbọ́, wọ́n á dákẹ́. Àgbà náà kò ní fẹ́ máa ní "kí lo wí?" ní gbogbo ìgbà, á kàn mi orí. Tọ̀tún-tòsì ń bọ̀wọ̀ fúnra wọn títí ọ̀rọ̀ fi tán láàárín wọn. Bàbá olùkọ́ ti fi ìpàdé ẹgbẹ́ sílẹ̀ báyìí. Wọ́n ní àwọn ọ̀dọ́ ibẹ̀ kì í kí àwọn mọ́. Ọ̀kan nínú àwọn ọ̀dọ́ náà sọ fún mi pé Bàbá ni kì í dáhùn.

## Ta lẹ tìtorí ẹ̀ wọ̀ ọ́?

Mo gbé gbogbo èyí lọ bá ọ̀gá tó ń darí ìwádìí mi. Wọ́n gbọ́ ọ tán, wọ́n bi mí pé inú kọ́ọ̀lọ́ọ̀mù wo ni mo fẹ́ kọ alájọ sí.

Ìjà wọn kì í ṣe ìjà òmùgọ̀. Wọ́n rán mi létí àwọn ọmọdé, òótọ́ sì ni: ọmọ tó ń kọ́ èdè lọ́wọ́ nílò ẹ̀rọ létí ní gbogbo ìgbà tí ojú ẹ̀ bá là, torí ọ̀rọ̀ tí wọn ò bá a sọ gan-an, tó kàn ń gbọ́ láàárín àwọn àgbà, òun náà ni wọ́n fi ń kọ́ èdè. Ẹni bá fi ti Mama ṣe àwíjàre fún òbí tó ń gbàgbé ẹ̀rọ ọmọ ẹ̀ sílé, ó ṣìkà. Wọ́n tún mú ACHIEVE wá, ìwádìí tí wọ́n ṣe ní Amẹ́ríkà fún ọdún mẹ́ta pẹ̀lú èèyàn 977 tí wọ́n jẹ́ ẹni ọdún 70 sí 84, tí àbájáde ẹ̀ jáde ní 2023. Lápapọ̀, ìtọ́jú etí kò mú ìyàtọ̀ wá nínú bí ọpọlọ ṣe ń rẹ̀yìn, ṣùgbọ́n láàárín àwọn tí ewu ti pọ̀ fún tẹ́lẹ̀, ìrẹ̀yìn náà fi 48% dín. Ọ̀gá mi ní ta ni mo rò pé yóò gbọ́ èyí tán tí yóò tún ní kí àgbà máa so ẹ̀rọ mọ́ etí ìró.

Èmi náà fèsì. Mo ní bí èèyàn bá ra awò torí kó lè máa ka Kùránì tàbí Bíbélì lálẹ́, tó ń kà á, tó sì ń yọ ọ́ bó bá parí, kò sí dókítà ojú tó máa pè é ní ẹni tó kọ awò sílẹ̀. Wọ́n á bi í pé ṣé ó ń rí ìwé kà ni. Kí ló dé tí a kì í bi Mama pé ṣé wọ́n ń gbọ́ owó? Mo sì ní bí a bá fẹ́ kí wákàtí Mama pọ̀ sí i, ṣíṣe wàásù fún wọn kọ́ ló máa ṣe é. Ká wá ẹni kejì tí wọ́n á fẹ́ gbọ́ lẹ́yìn alájọ, ká ṣètò ẹ̀rọ fún ohùn ẹni náà, ká sì kọ́ ẹni náà láti jókòó síwájú wọn kó tó sọ̀rọ̀. Ṣé èmi ló borí àbí ọ̀gá mi ni? Kò sẹ́ni tó borí. Wọ́n ní kí n fi wákàtí sílẹ̀ níbi tó wà torí ìgbìmọ̀ á béèrè ẹ̀, kí n sì fi ìbéèrè kan tèmi tì í.

Ìbéèrè tí mo fi tì í ni: "Ta lẹ tìtorí ẹ̀ wọ̀ ọ́ lónìí?" Ó yà mí lẹ́nu bó ṣe rọrùn fún wọn láti dáhùn. Ẹni tó ń fi ìka họ orí bí mo bá béèrè wákàtí, lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀ ló máa dárúkọ èèyàn. Ọmọ mi tó wà ní Lọ́ndọ̀nù, òun ló ń pè ní alẹ́ Sunday. Ìyàwó pásítọ̀. Dókítà, kó má baà ní mi ò gbọ́ òun. Ọ̀kan dárúkọ ọkọ ẹ̀, ó ronú díẹ̀, ó ní kí n pa á rẹ́.

Mo padà sọ́dọ̀ Mama láti gbé ìbéèrè tuntun náà wò. Wọ́n ní, "Alájọ," kí n tó sọ ọ́ tán. Wọ́n wá ní ìbéèrè mi kò tíì pé. Mo ní kí ló kù. Wọ́n ní, "Bi wọ́n pé ta ni wọ́n tìtorí ẹ̀ yọ ọ́."

Mo fi kún un. Nínú ìwé ìbéèrè mi báyìí, ìlà kan péré ni mo fi sílẹ̀ fún ti àkọ́kọ́, torí orúkọ kan tàbí méjì ló máa ń wà níbẹ̀. Èyí tí Mama bá mi dá sílẹ̀ ti gba ojú ewé kan gbáko, àwọn kan sì ń ní kí n yí i sẹ́yìn kí àwọn lè máa bá a lọ.